Ìpín àti Ìlò: Àgbéyẹ̀wò Kan láti Alímọ̀ṣọ́

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ìtàn ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ wé ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dààmú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, èyí ni ìpín tí ó ju ìlò lọ. Ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń bi wá: ta ni yóò sọ iye tí ó tó, nígbà wo ni a ó sì tún un wọ̀n?

Níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá ni ó ń sọ iye agbára ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́. Ẹ̀rù pé iṣẹ́ lè dá dúró lójijì a máa mú kí ó bù lé e. Èyí tí kò lò nínú ìpín rẹ̀ yóò wà lásán, ẹlòmíràn kò sì ní lè fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Google ṣàlàyé bí ètò wọn tí ń jẹ́ Borg ṣe ń yanjú èyí. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ síra ni ó ń wọn ìlò gidi. Ó ń fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ nítorí àìròtẹ́lẹ̀, ó sì ń yá àwọn iṣẹ́ tí kò kánjú ní ìyókù. Nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ni ó ń jẹ nínú ohun tí a gbà padà bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n bá ṣì, iṣẹ́ tí ó yá ààyè ni a ó dá dúró.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà kò tẹ̀ lé èyí. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a ń pín dọ́gbadọ́gba, ìdá 30 ni a ń fi iye ènìyàn pín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá la ìjọba ìbílẹ̀ kan sí méjì lè rí ìpín kún ìpín. Ní ọdún 2003, ìjọba Bọ́lá Tinúbú fi 37 kún 20 tí ó wà ní Èkó. Alímọ̀ṣọ́ di mẹ́fà, Ìkòtún/Ìgandò sì wà lára wọn. Ní ọdún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé Ààrẹ kò ní agbára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé àwọn ìjọba tuntun náà kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Wọ́n wá di àgbègbè ìdàgbàsókè, ìpín kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń jẹ. Lójú tiwa, ìdájọ́ yìí bọ́gbọ́n mu: ẹni tí ó gé iṣẹ́ kan sí mẹ́fà kò gbọdọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ gba ìlọ́po mẹ́fà.

Iye ènìyàn ni ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú lórí rẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Èkó ka 2,047,026. Bóyá èyí tí ó bù lé e ni ìkejì, bóyá èyí tí ó dín kù ni ìkíní. Ìwọ̀n mìíràn nìkan ni ó lè sọ. Èyí tí wọ́n ṣètò fún ọdún 2023 kò wáyé. Ọmọ tí a bí ní Ìgandò ní ìparí ọdún 2006 ti tó ìbò dì, kò sì tíì sí ìkànìyàn kankan tí ó kà á.