Ìgbóná Ta Ni Thermocouple Ń Sọ?
Ní 1821, ní Berlin, Seebeck so bàbà mọ́ bismuth, ó mú ojú ìsopọ̀ kan gbóná, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sì yí. Ó ní mágnẹ́ẹ̀tì ni. Ørsted ará Dẹ́ńmáàkì ló sọ pé iná mànàmáná ni. Orúkọ tirẹ̀ ló dúró.

Àṣìpè mìíràn ṣì wà lẹ́nu wa: a ní thermocouple ń wọn ìgbóná gáàsì nínú ìléru. Ara rẹ̀ ló ń wọ̀n. Bí ògiri ìléru bá tutù ju gáàsì lọ, wáyà á máa ta ooru sí ògiri, nọ́ńbà á sì relẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi páìpù bò ó, tí wọ́n ń fa gáàsì kọjá lára rẹ̀ kíákíá. Níbi tí wọn kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, “ìgbóná wáyà” ni èmi ń kọ nínú ìtumọ̀ mi.