Àtúnṣe Ojú Ọ̀nà fún Táyà Alùpùpù tó Jò: Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun nínú Ìtàn Ìrìnnà

Ìtàn ìrìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ṣe sábà máa ń kọ ọ́, jẹ́ ìtàn ohun tí ń lọ: rélùwéè tó wọ Òṣogbo ní 1907, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó, títì tí ìjọba là. Ìgbà tí ohun ìrìnnà bá dá dúró sójú ọ̀nà kì í sábà sí nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó gun alùpùpù kúrò ní Ìlobùú lọ sí oko, tàbí tó ń gbé èrò láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, wákàtí kan tí táyà jò sí ibi tí kò sí alátùn-únṣe lè ju gbogbo ìyókù ìrìn àjò náà lọ. Bébà yìí dá lé àtúnṣe onígbà díẹ̀ tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ìṣẹ́ ló bí i, kò sì ní ìtàn. Òótọ́ ni pé àìní ló mú kí ènìyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n àìní nìkan kò lè sọ ìdí tó fi jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ń ṣe é, tí kì í ṣe ọ̀nà mìíràn.

Ìlobùú, ìlú Olóbùú, ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ìfọ́n, ìlú Olúfọ́n, ni ti Ọ̀rólú. Àwọn méjèèjì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé, wọ́n sì wà lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ìlú, fọkanáísà kò ṣòro rí: táyà ògbólógbòó tó gbé sẹ́bàá títì ni pátákó rẹ̀. Ọ̀nà oko ni ìṣòro wà. Níbẹ̀, ẹ̀gún, ìṣó àti òkúta ń bẹ nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń fẹ́ táyà.

Rọ́bà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Kí táyà tó dé ni wọ́n ti ń fa oje igi ìrẹ́ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá fún títà sókè òkun. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó kọjá ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ìwọ̀n lọ. Wọ́n fa igi wọ̀nyí ní àfàjù, púpọ̀ nínú wọn sì kú láàrin ọdún díẹ̀. Ọdún méje péré ṣáájú ìgbà náà, ní 1888, ni John Boyd Dunlop ṣe táyà onítẹ́gùn fún kẹ̀kẹ́ ní ìlú Belfast, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Robert William Thomson ti gbàwé àṣẹ fún irú rẹ̀ ní 1845. Rọ́bà tó jáde gẹ́gẹ́ bí oje padà wálé gẹ́gẹ́ bí túùbù. (Iye tó fi jáde àti iye tó fi padà kò ṣeé fi wéra, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ bébà mìíràn.)

Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní iṣẹ́ yìí: bí wọ́n ṣe ń fi irin tú táyà, bí wọ́n ṣe ń ti túùbù bọ omi láti wo ibi tó ń hó, bí wọ́n ṣe ń ha ojú rọ́bà kí sọlúṣàn lè mú. Nígbà tí alùpùpù wá pọ̀ ní ìgboro, pàápàá lẹ́yìn owó Udoji tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbà lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ náà ní 1974, ìmọ̀ ti wà nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Honda dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, iṣẹ́ di ọ̀wọ́n, ọkọ̀ sì gbówó lórí. Alùpùpù di ohun àfiṣiṣẹ́ tí wọ́n sọ ní òkadà, orúkọ ilé-iṣẹ́ bàálù kan tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀nà àtúnṣe tó gbilẹ̀ jù ni dídì. Awakọ̀ á tú etí táyà kan, á fa túùbù jáde, á wá ibi tó lu. Á ká ibẹ̀ jọ bí ẹni ká ẹnu àpò, á sì fi ọ̀já rọ́bà tó gé lára túùbù àtijọ́ dì í le pinpin, kí atẹ́gùn má lè gba ibẹ̀ jáde. Ohun tó yẹ kí òpìtàn ṣàkíyèsí ni ibi tí ọ̀já náà ti wá. Òun kan náà ni wọ́n fi ń di igi ìdáná, ẹ̀gẹ́ àti àpò ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Irinṣẹ́ àtúnṣe ti wà lára ẹrù kí táyà tó jò. Túùbù tí wọ́n dì báyìí kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ náà kì í yí dọ́gba. Ó ń ta sókè ní gbogbo ìgbà tí ibi tí wọ́n dì bá kan ilẹ̀. Bí ihò bá wà lẹ́bàá ẹnu tí wọ́n ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí i, dídì kò ṣeé ṣe rárá.

Ọ̀nà kejì ni kíkì. Bí túùbù bá ti ya kọjá ohun tó ṣeé dì, wọ́n á kó koríko tútù tàbí àkísà kún inú táyà títí yóò fi le. Èyí kì í gbéni jìnnà: koríko á rún, táyà á máa yọ̀ lórí ríìmù. Ẹlòmíràn kì í tún ohunkóhun ṣe. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló jò, èrò á sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ á sún jókòó sórí táǹkì epo kí ìwúwo lè bọ́ síwájú, á sì máa rọra lọ. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdarí wà.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà ni àtúnṣe gidi wà. Ohun èlò rẹ̀ tó gbayì jù ni orí pístìnì ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó so mọ́ irin ìfúnpọ̀: á fi rọ́bà tútù lé ojú ihò, á fún un pọ̀, á da epo díẹ̀ sínú pístìnì, á sì tiná bọ̀ ọ́. Ìgbóná yìí ló ń so rọ́bà pọ̀ mọ́ rọ́bà, ìlànà kan náà tí Charles Goodyear rí ní 1839. Lójú irú ọgbọ́n yìí, ó ṣòro láti gbà pé ohun tí awakọ̀ ṣe lọ́nà oko àti ohun tí fọkanáísà ṣe nígboro jẹ́ ìmọ̀ méjì. Ọ̀kan ń gbé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ewu rẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Awakọ̀ mọ̀ pé túùbù tí òun dì lè já. Èrò tó gùn ún lẹ́yìn náà lè má mọ̀. Bí owó táyà titun sì ṣe ń lọ sókè, tí àwọn ilé-iṣẹ́ táyà ńlá ti Dunlop ní Ìkẹjà àti Michelin ní Port Harcourt sì ti ṣíwọ́ kí 2010 tó dé, ohun tó yẹ kó jẹ́ ti wákàtí kan ń di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ìjà ààlà tún fi kún un. Ní 2025, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Èrìn-Ọ̀ṣun nítorí ìkọlù lórí ilẹ̀, òfin náà kan fọkanáísà bó ṣe kan oníbàárà rẹ̀. Ilẹ̀ oko tí àwọn ìlú wọ̀nyí ń jà sí ni àwọn ọ̀nà tí táyà ti ń jò gbà kọjá. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò kò lè dúró de ẹnikẹ́ni, kò sì lè ti alùpùpù gba àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀já rọ́bà ẹ̀yìn alùpùpù ló kù fún un, àti ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó lè fi dì í kí ilẹ̀ tó ṣú.