Àga Ẹ̀gbẹ́ Alùpùpù: Ìtàn Sáìdìkáà àti Ohun Tó Kọ́ Èmi Oníṣòwò

 Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbé fọ́tò alùpùpù àtijọ́ kan síbí. Wọ́n so nǹkan bí ọkọ̀ ojú omi kékeré mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyá òyìnbó kan dé fìlà, ó jókòó sínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín fi ṣẹ̀rín, ẹnì kan tiẹ̀ ní pósí ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ torí pé sípíà páàtì alùpùpù ni mo ti ń tà láti bí ọgbọ̀n ọdún ó lé, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà nínú ẹ̀.

Sáìdìkáà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Èèyàn mẹ́ta á wà lórí ọ̀kadà kan, wọ́n á tún gbé ewúrẹ́ sáàárín. Àmọ́ òyìnbó ìgbà yẹn tó fẹ́ gbé ìyàwó ẹ̀ tó wọ aṣọ gígùn jáde, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1893, ìwé ìròyìn kan nílẹ̀ Faransé gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹni tó bá mú ọ̀nà tó dáa jù wá láti fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé ẹnì kejì. Ẹni tó gbégbá orókè so àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan sí i lábẹ́, ó sì fi irin gbé e ró.

Síbẹ̀, àwọn oníalùpùpù ò tètè gba ọ̀nà yẹn. Àwọn kan fi àga fà sẹ́yìn alùpùpù. Eruku àti èéfín ló ń bá ẹni tó jókòó síbẹ̀, ẹni tó ń wà á ò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí ìdè bá já, ọkọ lè rìn jìnnà kó tó mọ̀ pé ìyàwó ti kù sọ́nà. Àwọn mìíràn gbé àga síwájú. Ìyẹn dáa fún ìran wíwò, àmọ́ bí wọ́n bá forí sọ nǹkan, èrò ló máa kọ́kọ́ kàn. Ní January 7, 1903, ìwé ìròyìn Motor Cycling nílùú Ọba gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan jáde, tí George Moore yà: alùpùpù tó ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni o! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, W. J. Graham ará Enfield ti gba ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ lórí irú ẹ̀. Ohun táwọn èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín di ọjà.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn so ó mọ́ ọn lásán. Nílùú Ọba, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni sáìdìkáà máa ń wà, kí èrò lè sọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bẹ́ ẹ bá fún alùpùpù náà níná, á fẹ́ yà sósì, torí ẹrù yẹn ń fà á sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, á fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Bẹ́ ẹ bá fi eré wọ kọ́nà òsì, táyà sáìdìkáà lè gbéra nílẹ̀. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń tẹ̀ bó bá ń yà. Eléyìí kì í tẹ̀, agbára ọwọ́ lẹ máa fi yí i.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n gbé ìbọn Vickers tó ń yìn léraléra sórí sáìdìkáà, wọ́n tún fi gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Lẹ́yìn ogun, ó wá di mọ́tò mẹ̀kúnnù. Bàbá á wà lórí alùpùpù, ìyá á gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ sínú sáìdìkáà, ó di ìgbádùn. T. F. Watson, tó dá ilé-iṣẹ́ Watsonian sílẹ̀ ní 1912, èyí tó ṣeé ká ló kọ́kọ́ ṣe, kó lè gba ọ̀nà tóóró wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fésì-mi-n-fésì-ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní September 1922, ní ìlú Blackpool, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 21, William Lyons, òun àti aládùúgbò ẹ̀ William Walmsley, dá ilé-iṣẹ́ Swallow Sidecar sílẹ̀. Bàbá wọn méjèèjì ló dúró fún wọn ní báǹkì kí wọ́n tó lè yá £1,000. Lọ́dún yẹn kan náà, Austin gbé mọ́tò kékeré kan jáde, Austin 7, tí owó ẹ̀ ò ga púpọ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ni ohun tó máa pa ọjà wọn dé. Lyons ò bá mọ́tò yẹn ṣọ̀tá. Ní 1927, wọ́n gba ẹ́ńjìnnì àti férémù Austin 7 yẹn, wọ́n fi ara ẹlẹ́wà tí wọ́n rọ fúnra wọn wọ̀ ọ́, wọ́n ń tà á. Ní 1928, wọ́n kó lọ sí Coventry. Ní 1935, orúkọ Jaguar hàn lára mọ́tò wọn. Ní 1945, ó di orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Jaguar táwọn olówó ń gùn, ọmọ sáìdìkáà ni.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1913, Hugo Young ará Loudonville ní Ohio ṣe sáìdìkáà tó ń tẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù. Nígbà tí mọ́tò Ford pọ̀ nígboro tó sì rọjú, ọjà ẹ̀ dákú. Ní 1924, ilé-iṣẹ́ ẹ̀, Flxible, yíjú sí bọ́ọ̀sì ṣíṣe, bọ́ọ̀sì yẹn ló sì gbé orúkọ wọn ga. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó ti sáìdìkáà nìkan ti kógbá wọlé, pàápàá lẹ́yìn tí mọ́tò Mini dé ní 1959. Àwọn díẹ̀ ló kù, bíi Watsonian, àti Ural tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Rọ́ṣíà fún ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmọ́ ní Philippines, alùpùpù oní-sáìdìkáà ló ṣì ń kó èrò káàkiri ìgboro títí dòní.

Ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀ wá sórí ohun tí èmi ń tà. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ èrò, afẹ́fẹ́ àti òjò náà ń da oníalùpùpù láàmú. Ìyẹn ló bí ìbora iwájú tí òyìnbó ń pè ní fairing. Láàárín ọdún 1950 sí 1957, Moto Guzzi ní Ítálì àti NSU ní Jámánì bo iwájú alùpùpù eré ìje wọn pátá, bí ìgbà téèyàn da garawa bò ó. Ó ń sáré lóòótọ́, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ látẹ̀gbẹ́, ó lè tì í kúrò lọ́nà. Àjọ tó ń bójú tó eré ìje náà fòfin dè é ní ìparí 1957. Ní 1958, Honda gbé Super Cub jáde ní Japan. Ike tó bo ẹsẹ̀ níwájú tiẹ̀ kì í ṣe torí eré, kí ẹrẹ̀ àti omi má bàa ba aṣọ ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ jẹ́ ni. Inú ìdílé yẹn ni Honda 70 tí gbogbo wa mọ̀ ti wá. Mo ta ike yẹn títí, ó kù díẹ̀ kó di orúkọ mi.

Sábóngàrì ní Kánò ni mo ti kọ́ṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ibẹ̀ náà ni mo ti dá dúró. Ní January 2013, òfin jáde ní Kánò pé alùpùpù ò gbọdọ̀ kó èrò mọ́. Achaba parí nìyẹn. Ẹrù kún ṣọ́ọ̀bù mi dé òkè àjà, owó àjọ ni mo sì fi rà á. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí inú ń bí mi sí gbogbo kẹ̀kẹ́ Adaidaita tó ń kọjá. A jẹ́ mẹ́rin tá a jọ ń ta ọjà kan náà ní ìlà wa. Ẹnì kan ní òfin náà ò ní pẹ́ yí padà, ó ń retí títí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹnì kan kó ẹrù padà sílé. Ìyàwó mi ló là mí lójú. Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ṣé àwọn tó ń gun achaba ti kú ni? Inú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà. Ẹ lọ bá wọn níbẹ̀."

Mo ta àwọn ẹrù kan ní gbàǹjo, mo sanwó àjọ, mo fi èyí tó kù ra táyà àti ìpara bíréèkì kẹ̀kẹ́. Ohun tó ń gbé wa jẹ títí dòní nìyẹn. Ìtàn kẹ̀kẹ́ yìí náà ò yàtọ̀. Piaggio ní Ítálì ṣe Vespa ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní 1946; ní 1948, wọ́n ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n pè ní Ape. Bajaj ní Íńdíà gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn láti máa ṣe tiwọn. Ìran yẹn ló di kẹ̀kẹ́ Marwa ní Èkó, tó tún wá di NAPEP. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀: ibo ni èrò máa jókòó sí, tí owó ẹ̀ á ká a?

Nísinsìnyí, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti ń yọjú. Kò lo púlọ́ọ̀gì, kò lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, nǹkan tí mò ń tà sì nìyẹn. Ọmọ mi ní kí n wá kọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran dáadáa mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀. Àmọ́ mi ò tún ní jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta mọ́.

Ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà ẹ̀ bá ní fọ́tò alùpùpù àtijọ́, ẹ gbé e sísàlẹ̀ ká jọ wò ó. Ẹ kú òwò, ẹ kú àjò. Ilé á gbà wá o.