Ìmọ̀ràn Ta Ni Kí N Gbà?

Ohun kan wà tí kì í wọ́n nílùú ńlá: ìmọ̀ràn. Gaàrí lè wọ́n, epo lè wọ́n, owó ilé lè ga ju owó oṣù lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni. Jẹ́ kí ẹnì kan sọ pé òun fẹ́ máa sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, tàbí pé òun ra kámẹ́rà, tàbí pé òun fẹ́ máa tún rédíò ṣe nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Kí ó tó pa ẹnu dé, ènìyàn mẹ́wàá á ti júwe ọ̀nà mẹ́wàá fún un, ọ̀nà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á sì ta kora. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nínú wọn. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn wà nínú wọn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ, òun náà ò gbẹ́yìn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Báwo wá ni kí ènìyàn ṣe mọ èyí tó yẹ kó gbà? Ìbéèrè yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa ka ìtàn àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Nínú gbogbo wọn, kò sí àwọn tó là mí lójú lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn tó àwọn tí ń ṣe awò ìwòràwọ̀ nínú ilé wọn. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.

Awò ìwòràwọ̀ tí mò ń wí yìí, ọ̀pá gbọọrọ kan ni, dígí kan sì wà ní ìdí rẹ̀. Dígí yìí ò tẹ́ bí èyí tí a fi ń wo ojú. Ó jin díẹ̀ láàárín, bí àwo tí a fi ń jẹun. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á wọlé látòkè, á kọlu dígí, dígí á kó o jọ sójú kan, ohun tó jìnnà réré á wá dà bí ohun tó wà nítòsí. Gbogbo àṣírí rẹ̀ wà nínú kòtò kékeré yẹn. Bí ó bá fi díẹ̀ yẹ̀, díẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, ìràwọ̀ á kàn fọ́n káàkiri bí ẹ̀kọ gbígbóná tó dà sílẹ̀ ni.

Láyé àtijọ́, bàbà àti tánganran ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ fi ṣe dígí ọ̀hún. William Herschel, ọmọ Jámánì tó ń fi orin jẹun ní ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ìwé ló ti kọ́ ọ. Nígbà tó bá ń dán dígí, Caroline àbúrò rẹ̀ obìnrin a máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, torí kò fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 1781, awò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló fi rí ohun kan tó wá hàn gbangba pé ayé mìíràn ni, tó ń yí oòrùn po bíi tiwa. Uranus ni a ń pè é lónìí. Lọ́dún yẹn kan náà, ó fẹ́ da dígí ràbàtà kan nínú ilé. Amọ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹṣin pò ni wọ́n fi ṣe ohun tí wọn yóò dà á sí. Irin yíyọ́ tó ń hó ṣàn kálẹ̀, òkúta ilẹ̀ ilé ń bú gbàù-gbàù, olúkúlùkù bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹnì kan náà ni, ọdún kan náà ni. Ọwọ́ tó mú un dé ojú ọ̀run ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ún mọ́lé. Bí ẹ bá bá Herschel pàdé lọ́dún náà, tí ẹ ní kó gbà yín nímọ̀ràn, èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ bá gbà? Òkìkí rẹ̀ nìkan ò lè dá yín lóhùn.

Ní ọdún 1865, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní London. English Mechanic lorúkọ rẹ̀, ó sì wà títí di ọdún 1926. Ìwé yìí ò dà bí èyí tí ọ̀mọ̀wé á jókòó sí ọ́fíìsì tí á máa kọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn tó ń kà á gan-an ló ń kọ apá tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan á béèrè lọ́sẹ̀ yìí bí a ti ń lọ dígí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn mìíràn á dá a lóhùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn tó dáhùn á ti máa bú ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í fi orúkọ bàbá wọn sábẹ́ lẹ́tà. Orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ń kà á nílé ò lè mọ̀ bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ ọ́ tàbí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Síbẹ̀, ìwé náà ò di ọjà irọ́. Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, gbangba ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ lónìí, ẹni tó ti dán an wò á já a nírọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ènìyàn á sì kà á. Ìkejì, orúkọ ìnagijẹ náà lè ní iyì tirẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ lẹ́tà jù lọ kàn ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kan ni. William Noble, ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni ẹni náà. Ní ọdún 1890, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ W. H. S. Monck kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn yìí láti Dublin, ó ní kí àwọn tí kò lówó, tí kò sì ríbi wọ ẹgbẹ́ àwọn ńláńlá, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Lọ́dún náà ni British Astronomical Association bẹ̀rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n sì gbà wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Ta ni ààrẹ àkọ́kọ́? Noble onílẹ́tà wa yìí kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ìdí kẹta ló tóbi jù lójú tèmi, òun sì ni mo torí rẹ̀ gbé gègé. Àwọn aṣawò yìí ní adájọ́ kan tí kì í gba rìbá.

Léon Foucault, ará Paris, ló bí adájọ́ náà ní nǹkan bí ọdún 1858. Ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí, ẹ̀jẹ̀ ló lé e sá. Nígbà tirẹ̀, gíláàsì tí wọ́n fi fàdákà bò ti ń gba ipò bàbà àti tánganran. Ohun tí Foucault ṣe nìyí. Ó gbé dígí dúró. Ó gbé fìtílà sí iwájú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi páánù bo fìtílà, ó lu ihò tín-ín-rín kan sí páánù náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ lọ bá dígí. Dígí á dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, ìmọ́lẹ̀ á pàdé lójú kan. Níbẹ̀ gan-an ni á ti rọra ti ojú ọ̀bẹ wọ inú ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, tí á sì máa wo dígí látẹ̀yìn ọ̀bẹ. Bí dígí bá rí rogodo bó ti yẹ, gbogbo ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dígí tó ń dán bọ̀rọ́ tẹ́lẹ̀ á wá dà bí ilẹ̀ Èkìtì tí a ń wò látinú ọkọ̀ òfuurufú: òkè níhìn-ín, àfonífojì lọ́hùn-ún. Òkè tí gíga rẹ̀ ò tó ìdá 1 nínú 1,000 ìnípọn irun orí á yọ gannboro.

Fìtílà kan, páánù kan, ọ̀bẹ kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà náà, kò ṣe pàtàkì mọ́ bóyá ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí fítà. Ṣe ohun tó wí, kí o gbé dígí síwájú ọ̀bẹ, dígí á sọ bóyá òótọ́ ló sọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí tàn dé Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn. Ní ọdún 1920, Russell Porter, tó ti bá àwọn arìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ yìnyín rí, kó ọkùnrin 15 àti obìnrin kan jọ ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Vermont, ó kọ́ wọn bí a ti ń lọ dígí. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Scientific American gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde lọ́dún 1925, àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí àwọn náà ṣe lè ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá sì ṣe é tí kò dára ńkọ́? Wọ́n á tún un lọ ni! Gíláàsì náà ṣì wà níbẹ̀, yanrìn tí a fi ń lọ̀ ọ́ ò wọ́n. Ohun tí àṣìṣe ń gbà lọ́wọ́ wọn ò ju ìrọ̀lẹ́ mélòó kan lọ. Níbi tí nǹkan bá ti rí báyìí, kò sóhun tó burú nínú kí a gba ìmọ̀ràn ẹni tí a ò mọ̀ rí, ká dán an wò, ká rẹ́rìn-ín bí kò bá jọ.

Ẹ dúró ná o. Gbogbo ìmọ̀ràn kọ́ la lè dán wò bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ dígí yìí kan náà, oògùn olómi tí a fi ń da fàdákà bo gíláàsì, bí a bá pò ó tán tí a gbé e pamọ́ di ọjọ́ kejì, ó lè bú gbàmù. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i bóyá òótọ́ ni, ojú ọ̀hún lè máà sí mọ́ láti ròyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oòrùn. Ọ̀pọ̀ awò kéékèèké tí wọ́n tà láyé ọjọ́un ni wọ́n fi dígí dúdú kékeré kan kún, tí wọ́n ní ká dè mọ́ ibi tí ojú ń wò, ká fi wo oòrùn. Ooru a máa là á sí méjì nígbà tí ojú bá wà níbẹ̀. Ọjà tí wọ́n fi páálí dídán dì ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn, òjìji rẹ̀ sì gba Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà kọjá. Nígbàkigbà tí irú nǹkan báyìí bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ: bu omi sínú ọpọ́n kí o máa wò ó níbẹ̀, fi èéfín àtùpà kun gíláàsì, wá fíìmù ẹ́ksíréè. Kò sí èyí tó lè dáàbò bo ojú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìnú ojú lọ́hùn-ún kì í mọ ìrora, nítorí náà ẹni tó ń fọ́jú lọ́wọ́ á máa sọ fáwọn ará ilé pé kò ṣe òun ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí kò léwu kò ná wa ní kọ́bọ̀: kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, lu ihò kékeré sí páálí, kí o sì wo àwòrán oòrùn tó bọ́ sílẹ̀.

Ìtàn kan ló kù kí n tó dákẹ́, ti àwọn ọ̀gá pátápátá sì ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 1990, Amẹ́ríkà gbé awò ìwòràwọ̀ Hubble lọ sójú òfuurufú. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.4. Nígbà tí wọ́n fi wòran, ìràwọ̀ ń fọ́n káàkiri. Etí dígí náà ti tẹ́ jù, nǹkan bí ìdá 1 nínú 50 ìnípọn irun orí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n ń dán an ni ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà 1.3. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ mìíràn, tí kò gbówó lórí tó o, ti fi hàn pé nǹkan ò lọ déédéé. Wọ́n ní àwọn yẹn ò péye tó èyí tó jẹ́ ọ̀gá, wọ́n tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di oṣù kejìlá ọdún 1993 kí àwọn ènìyàn tó gòkè lọ tún un ṣe, bí ẹni wọ awò ojú fún ẹni tí kò ríran dáadáa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò fún ọmọdé láyè kó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbà mí nímọ̀ràn báyìí, n kì í kọ́kọ́ béèrè bí oyè ẹni náà ti ga tó. Mo máa ń béèrè ohun mẹ́ta. Ṣé mo lè fi ojú ara mi dán an wò? Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ṣé ohun tó bá bà jẹ́ ṣeé tún ṣe? Àwọn tó ń sọ ohun kan náà, ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti rí i, àbí ẹnu ẹnì kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ? Ẹni márùn-ún tó mu omi kànga kan, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó rí ohun tó yàtọ̀, ẹ má lé e jáde kí ẹ tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ohun tó ṣeé tún lọ, ẹ dán an wò, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ojú, tàbí ẹ̀mí, tàbí ilé, ẹ wá ẹ̀rí kí ẹ tó na ọwọ́. Gíláàsì tó bá bà jẹ́, yanrìn á tún un ṣe. Ojú ò ní yanrìn.