Ara Tó Yá Kò Ní Láti Yára

Láti ìdájí títí di òru, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ojota, nílùú Èkó: yá. Agbèrò ń fi í pe èrò Ketu àti Mile 12: "Ó yá, ẹ wọlé!" Aládùúgbò ń fi í kí ìyá àgbà tó jókòó síwájú ilé tó ń yá oòrùn: "Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá. Ṣé ara ń yá?" Ohùn òkè ló wà lórí rẹ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí ohùn náà bá sọ̀kalẹ̀ sí àárín, ó di ya, bí aṣọ ti ń ya. Bó bá tún sọ̀kalẹ̀, ó di yà, bí èèyàn ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ohùn òkè ni yá fi ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan ṣì kù fún láti ṣe.

Ẹ wá wo bí yá ti ń bá ara rìn. Bí yá bá ṣíwájú, tí fáwẹ́lì méjèèjì wọnú ara wọn, yá ara di yára, ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí ara bá ṣíwájú, ara yá ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ayé ń wù ú gbé. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni, ipò wọn nìkan ló yí, síbẹ̀ èdè fi ibẹ̀ sọ fún wa pé ẹni tí kò lè yára mọ́, ara rẹ̀ ṣì lè yá.

Bákan náà ni inú dùn. Dùn àti inú pàdé, i inú sá lọ, ó di dùnnú. A fi ì ṣíwájú rẹ̀, ìdùnnú dé. Ará Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe ìlú ní ùlú, unú ni yóò pè é, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni adùn náà wà. Ọjọ́ ńkọ́? Àgbà lọ́jọ́ lórí, ìyẹn ni pé ó ní ọjọ́ ní orí. Ní di l nítorí pé fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e kì í ṣe i. Orí ló ń gba ọjọ́, inú ló ń gba adùn, ara ló ń yá. Àwọn baba wa kò kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi lè pọ̀ lórí tí kò sì ní ba adùn inú jẹ́.

Bí àpẹẹrẹ, Fàtáì Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá Ebenezer Obey nídìí orin, ti di arúgbó kí òkìkí tó tún padà wá bá a ní Èkó. Ó ti lé ní 80 ọdún, ó ṣì ń ta gìtá lójú agbo, títí tó fi kú ní oṣù kẹfà 2013. Akíntọ́lá Williams, aṣírò-owó àgbà tí wọ́n bí ní 1919, fẹ̀yìntì ní 1983. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ orin MUSON sílẹ̀, ó sì tún lo 40 ọdún láyé kó tó lọ ní 2023, lẹ́ni ọdún 104. Fi ẹ̀yìn tì ni fẹ̀yìntì. Ẹni tó fẹ̀yìn ti nǹkan kò dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tó wà níwájú rẹ̀.

A máa ń ṣàdúrà pé, "Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́." Obì gbó, ó dùn ún jẹ, aṣọ gbó, ó di àkísà. Torí pé gbó ní ojú méjì ni wọ́n ṣe fi tọ́ tì í, tọ́ inú tọ́jọ́, kí ohun tó gbó má tètè bàjẹ́. Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìyókù wà. "Ẹ jókòó, ẹ sinmi" la máa ń sọ fún àgbà ṣáá. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ẹni tí kì í gbọ́ ju ìyẹn lọ yóò gbà pé iṣẹ́ òun ti parí. Bí àkókò ìpàdé àdúgbò bá tó, bí ìlù bá dún níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí àwọn náà gbọ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo Ojota ń gbọ́: "Ó yá, Màmá. Ó yá, Bàbá." Kí a sì rọra dúró dè wọ́n kí wọ́n dìde.