Ọ̀kẹ́ Kan Kò Ṣeé Pín Sí Mẹ́ta

Bí ẹ bá gbọ́ "àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà" lórí rédíò, mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń wí. 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹ kó o jọ lọ́nà 50, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, àpò gidi ni ọ̀kẹ́, àpò owó ẹyọ, ẹrù tí ń wọni lọ́rùn.

Wọ́n á sín ẹyọ 40 sí okùn kan. Okùn 50 ni orí kan, ìyẹn ẹgbàá. Orí mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS, ọmọ Jámánì, kọ ọ́ lọ́dún 1887 bí wọ́n ṣe ń kà á: wọ́n á da àpò sílẹ̀, ẹni tó ń kà á kúnlẹ̀ tì í, á máa ṣa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Lẹ́ẹ̀ogún, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì, ó di igba.

Àṣírí ibẹ̀ rèé. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀ dé ibi tí kò tún ṣeé tú mọ́, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin la ó bá: 2×2×2×2×2×5×5×5×5. Kò sí 3, kò sí 7. Bí a bá ka 1 àti òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà 30 ló lè pín in láìṣẹ́kù. Ohun tí a fi ìka ọwọ́ kà, níbo ni 3 ìbá gbà wọlé?

Ẹ wá wò ó nígbà ogún pínpín, ní Ìjerò tàbí Àrámọkọ. Bàbá fi ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀, ìyàwó mẹ́rin ló ní: ìdí-igi kọ̀ọ̀kan á gba 5,000, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ ìyàwó mẹ́ta ńkọ́? 6,666 ló kan ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì á ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ méje, 2,857, ọ̀kan á ṣẹ́kù. Ta ni kó mú un? Ẹyọ kan kò ra nǹkan gidi, lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ìjà ogún.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ọba. Bí ọba Èkìtì mẹ́rìndínlógún bá jọ pín ọ̀kẹ́ kan, 1,250 géérégé ló kan kábíyèsí kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bó bá ku Ajerò, Alárá àti Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n nìkan, ẹyọ méjì á ṣẹ́kù nílẹ̀!

Iye ọ̀kẹ́ kò yí padà rí, agbára rẹ̀ ló yí. Ẹyọ kéékèèké láti erékùṣù Maldives ni wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Hamburg ń kó èyí tó tóbi jù ú lọ bọ̀ láti Zanzibar, ọkọ̀ òkun lẹ́yìn ọkọ̀ òkun. Ẹyọ kún ọjà, ọjà gbówó lórí. Ẹni tó ti ri ọ̀kẹ́ mẹ́wàá mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ hú u jáde, ó pé 200,000 géérégé, kò sì ra ohun tó ń rà mọ́. Ìwà ìkà gbáà ni, lójú tèmi.

Lónìí, bébà náírà ẹgbẹ̀rún, ogún péré, ni ọ̀kẹ́ kan, ó sì wọ àpò ṣòkòtò. Ẹ pín in sí mẹ́ta, náírà méjì ṣì máa ṣẹ́kù. Àbí ta ló fẹ́ bá wa wá ṣéńjì náírà méjì lọ́jà Ẹ̀fọ̀n?