Àwòrán Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Àpẹẹrẹ Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó

Bí a bá ń wá ìtàn ìlú, ẹnu àgbà àti oríkì ni a sábà máa ń tọ̀ lọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwòrán inú àpótí àwọn ìyá wa jẹ́ ẹ̀rí ìtàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró láìsí ẹnu àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀rẹ̀, ní agbègbè Odigbó. Oríta ni ìlú náà, níbi tí ọ̀nà Èkó, Òǹdó, Òkìtìpupa àti Ìbíní ti pàdé. Ipò yìí ni ó fa ogun wá síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra, tí Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, jẹ́ ọ̀gá wọn, gba Ìbíní, tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ìjà Ọ̀rẹ̀ ti di òwe lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí oríta ti rí kí ìbọn tó dún. Àwòrán ìgbéyàwó tí a yà níbẹ̀ ṣáájú ọdún náà lè sọ ọ́, nítorí ilé, ọ̀nà àti ọkọ̀ tí ayàwòrán kò kà sí lè hàn lẹ́yìn ìyàwó. Èyí ni adùn ìkójọ àwòrán.

Síbẹ̀, àwòrán lè tan ni jẹ. Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ ọ́ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì náà jọ jókòó. Ẹni tí kò bá béèrè yóò ka ọmọ méjì níbi tí ẹnì kan wà.

Títún àwòrán ṣe náà gba ìfura. Ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà pa ojú ibi tí ó ha rẹ́ lè pa ilà ojú baba rẹ́ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, ní agbègbè tí àgbẹ̀ kòkó ti ìlú púpọ̀ wá tẹ̀ dó sí, ilà náà lè jẹ́ ẹ̀rí ibi tí baba ti wá. Nítorí náà, ẹ̀dà ni kí a tún ṣe. Kí ojúlówó wà bí ó ti wà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí a má fi ipá ṣí i. Pẹ́ńsù ni kí a rọra fi kọ orúkọ, ibi àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀.

Ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lérè. Ní Ìbíní, Solomon Osagie Alonge (1911–1994), ayàwòrán ààfin Ọba, dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942. Nítorí pé a tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà rí i pàtẹ ní 2014.

Ní ìparí, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Kí àwa olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú àwòrán kan tọ àgbà ilé rẹ̀ lọ, kí ó sì kọ ohun tí àgbà bá sọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀ gan-an. Bí àgbà bá lọ tán, àwòrán lè kù, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́.